Abọ́ Àkọ́kọ́ Ni Ti Màmá Jẹ́lé

Lẹ́tà ni mo ń tẹ̀ lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Warehouse Road nígbà tí fóònù dún, tí ọ̀gá mi sì nà án sí mi láìwo ojú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló wà lórí ẹ̀. Ó ní Màmá ti lọ. Mo bi í pé wọ́n lọ sí ibo. Ẹ wá wo ìbéèrè òpè. Màmá tí mo dágbére fún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, tí wọ́n tún bú mi pé mo ń jáde láìjẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé, àwọn náà ló jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, tí wọ́n kàn gbé orí lé orúnkún. Ẹni tó kọjá rò pé wọ́n ń sinmi ni. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé irọ́ ló ń pa, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì tẹ lẹ́tà náà parí. Ọjọ́ tí mo padà síbi iṣẹ́ ni ọ̀gá mi tó fi hàn mí: orúkọ Màmá ni mo tẹ̀ sí ibi tó yẹ kí orúkọ ọkọ̀ ojú omi wà.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Níbi ìsìnkú, mo ríran, mo sì gbọ́rọ̀. Ẹnì kan dìde, ó ní Màmá ò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí láyé wọn. Ẹlòmíì ní áńgẹ́lì ni wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó kó ọmọ wọn sá kúrò lọ́dọ̀ Màmá lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn ló ń sunkún jù, díẹ̀ ló kù kó kó sínú sàréè. Inú bí mi débi pé omijé mi gbẹ. Màmá kì í ṣe áńgẹ́lì. Wọ́n ṣe ohun rere tó pọ̀, wọ́n sì ṣe ohun búburú kan tí mi ò tíì mọ ibi tí màá gbé e sí nínú ọkàn mi títí di òní. Bí a bá máa rántí wọn, ẹ jẹ́ ká rántí gbogbo ẹ̀.

Ìyá tó bí ìyá mi ni Màmá. Ọ̀dọ̀ wọn ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dàgbà sí, torí pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé ìyá wa lọ sí Abẹ́òkúta. Amukoko ni Màmá ti ń ṣe jẹ́lé-ó-sinmi wọn, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí òjò máa ń wọ̀. Ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ wáàfù, ọmọ awakọ̀ tírélà, ọmọ àwọn tó ń kiri ọjà ní Àpápá, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, Yorùbá, Ìgbò, Ùróbò, gbogbo wọn ni àwọn òbí wọn ń gbé wá láti aago mẹ́fà àárọ̀. Agbára káká la fi lè rí ẹni márùn-ún tó mọ orúkọ Màmá gan-an. Màmá Jẹ́lé ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Wọ́n kúrú, wọ́n sanra, ohùn wọn sì tóbi ju ara wọn lọ. Ìwé tí wọ́n mọ̀ ò kọjá kí wọ́n fi ìka tọ Bíbélì lẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n lófin ju ìjọba lọ, oúnjẹ ọmọ sì ni gbogbo òfin náà dá lé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti abọ́. Kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ kan ẹnu kí Màmá tó jẹ tiwọn. Tí oúnjẹ ọ̀sán bá ti jinná, wọ́n á bu ú sínú abọ́ tánganran kan, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí gbogbo ọmọ ti ń rí wọn, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán láìyára. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa wo aago ara ògiri. Wákàtí kan gbáko. Àwọn ọmọ á máa sunkún, àwọn míì á sùn lọ, Màmá ò ní mira. Ìgbà tí wákàtí náà bá pé ni wọ́n á tún gbé ìkòkò kaná, tí wọ́n á wá bu tàwọn ọmọ.

Gbogbo Amukoko ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Fọganáísà kan tó wà ní òdìkejì títì máa ń kígbe pé, "Màmá, ṣé ó ku nǹkan fún àwọn ọmọ?" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo gbà pé alájẹkì ni ìyá àgbà mi. Lọ́jọ́ kan tí ebi pa mí dójú ikú, mo ní, "Màmá, kí ló dé tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ?"

Wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní, "Torí pé èmi ti gbó."

Èkejì ni ti àpò. Ẹ̀wà ni o, ìrẹsì ni o, gàrí ni o, ohunkóhun tó bá máa wọ ìkòkò àwọn ọmọ, Màmá gbọ́dọ̀ fojú rí àpò tó ti jáde. Wọ́n á yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, wọ́n á ki imú bọ inú ẹ̀. Àwọn aláròóbọ̀ ọjà Boundary ti mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá ti ń rí wọn bọ̀ lókèèrè, àwọn kan á ti máa yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Àpò ẹ̀ dà?"

"Màmá, mo ti dà á sínú bàsíà. Ẹ̀wà lẹ fẹ́ rà ni àbí àpò?"

"Àtàpò àtẹ̀wà."

Tí ẹlẹ́wà ò bá rí àpò fi hàn, Màmá á gbé agbọ̀n wọn, ó di ìsọ̀ kejì. A lè rìn dé ìsọ̀ mẹ́fà nínú oòrùn. Ẹsẹ̀ á máa ro mí, inú á máa bí mi, ojú á sì máa tì mí, torí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń wà lọ́jà náà pẹ̀lú ìyá wọn. Obìnrin kan ṣoṣo tí Màmá kì í dá lágara ni ẹlẹ́ja tó ń sọdá láti Snake Island, tó máa ń gbé ẹja wá pẹ̀lú omi ọ̀sà lára. Mo ní kí n mú Màmá lọ́jọ́ kan, mo ní, "Màmá, ẹja yìí ò ní àpò o, ẹ sì ń rà á."

Wọ́n gbé ẹja kan sókè sí mi lójú, wọ́n ní, "Ó ní ojú."

Ìjà wọn pọ̀. Màmá ò gbà kí mínírà, bisikíìtì tàbí súwíìtì wọ jẹ́lé wọn. Ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà gbọ́dọ̀ wà nínú abọ́ ọmọ lójoojúmọ́, ewébẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, èso kan sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ìbáà ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé. Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì gbé ọmọ rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú mínírà olómi ọsàn nínú fídà. Màmá ṣí ìdérí fídà náà, wọ́n sì dà á sílẹ̀ lójú rẹ̀. Obìnrin náà figbe ta. "Màmá, owó mi ni mo fi rà á o!"

"Eyín ọmọ ńkọ́?" ni Màmá wí. "Ta ló máa ra ìyẹn?"

Ó ní ọmọ òun ni, ohun tó bá wu òun lòun máa fún un. Ẹnu wá gba iná. Àwọn ará ilé jáde. Màmá fi fídà lé e lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ohun tó bá gba ẹnu ọmọ wọlé, àgbà ló máa jíhìn ẹ̀." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, mo sì máa ń sín wọn jẹ lẹ́yìn.

Ọkùnrin ọmọ Warri kan tún wà, tó ń gbé bisikíìtì dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Màmá ò lé e. Àga ni wọ́n gbé, wọ́n jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán, wọ́n ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rà á. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Mama, wetin I do you now? Na biscuit I dey sell, no be igbó."

"I know say na biscuit," ni Màmá wí. "You get pikin?"

"I get two."

"Wetin dem chop this morning?"

Ó họ orí. "Dem mama cook beans."

"Ẹn-ẹ́n! Beans for your pikin, biscuit for my own. Ṣé o ò rí ayé ẹ?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọsàn bíbó ló ń gbé wá, Màmá sì di oníbàárà rẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ò yọ èmi náà sílẹ̀. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo fẹ́ kí wọ́n ra bisikíìtì àti mínírà fún mi láti pín fún kíláàsì, bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe máa ń ṣe. Ẹyin ni Màmá sè. Wọ́n sè é kún ìkòkò, wọ́n yan ẹ̀pà, wọ́n rù ú lórí wá sí iléèwé fúnra wọn. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n sì sọ mí lórúkọ: Ẹlẹ́yin. Odindi tààmù kan ni wọ́n fi pè mí bẹ́ẹ̀. Mo délé, mo sunkún sí Màmá lára. Wọ́n fi etí ìró nu imú mi, wọ́n ní, "Wọ́n á gbàgbé orúkọ yẹn. Egungun wọn ò ní gbàgbé ẹyin."

Ẹni tó bá ka ibi tí mo dé yìí á ní ìyá rere ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo tún ní láti sọ ti Ìyá Risi.

Ìyá Risi ń dirun nítòsí ilé wa. Ìwọ̀nba ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ìwà wọn sì tutù. Ohun kan tí gbogbo wa mọ̀ mọ̀ wọ́n ni ọwọ́ fífọ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ ẹnikẹ́ni, wọ́n á fi iyẹ̀pẹ̀ fọ ọwọ́, wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣan án, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ wọn ti sán. Wọn ò ní sítóòfù nílé. Èédú ni wọ́n fi ń dáná, bó ti wù kí òjò rọ̀ tó.

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìdí ẹ̀. Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò gbọ́n, kẹrosíìnì ni Ìyá Risi ń tà. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan nígbà yẹn, Múíbì, ọmọ ọdún mẹ́ta, jẹ́lé Màmá ló sì ń wá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ gbé e kúrò lọ́dọ̀ Màmá lọ sí ìsọ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì, láàárín gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì, tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Wọn ò tíì dé ọsibítù tó fi dákẹ́. Kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kankan. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló fi ọwọ́ kẹrosíìnì bọ́ ọ. Ọkọ ní òun ò lè gbé pẹ̀lú obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ. Ó da ẹrù rẹ̀ síta. Ìyá Risi fúnra wọn gbà pé lóòótọ́ làwọn pa á. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni Ìyá Risi fẹ́ awakọ̀ kan, tí wọ́n bí Risi.

Láti ìgbà tí Risi ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni Màmá ti ń tọ́jú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Ẹja tó tóbi jù, Risi ni wọ́n ń fún. Mo tiẹ̀ máa ń jowú. Mo rò pé àánú ló ń ṣe Màmá.

Ó wá di ìgbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, ní iléèwé aládàáni kékeré kan ní Ajégúnlẹ̀. Àwọn ọmọ ń dákú ní orí ìlà láàárọ̀. Ọ̀gá iléèwé pe àwọn òbí sípàdé, ó ní òun fẹ́ kí iléèwé máa se oúnjẹ ọ̀sán fún gbogbo ọmọ, kí òbí àti olùkọ́ jọ fẹnu kò lórí òfin tó máa de oúnjẹ náà. Màmá lọ nítorí mi. Ìyá Risi lọ nítorí Risi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní. Àwa ọmọ tí wọ́n mú dání jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn.

Bàbá Tọ́pẹ́ dìde. Ẹni tó máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wáàfù ni, ó lówó lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ dààmú. Nínú àwọn ilé ẹrù tó wà ní wáàfù, àpò ń bẹ́ lójoojúmọ́: ìrẹsì, ẹ̀wà, ṣúgà, mílíìkì oníyẹ̀fun. Òun á ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun gbá a jọ, wọ́n á kù ú, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù tí kò gbá nǹkan wálé, wọ́n á ní kò mọ ibi tó ń ṣiṣẹ́. Asẹ́ tí wọ́n fi ń yọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú ìrẹsì ilẹ̀ ń bẹ nínú ilé gbogbo. Bàbá àgbà mi, ọkọ Màmá, tó fi èjìká ru ẹrù ní wáàfù títí ó fi kú, máa ń ṣe é.

Màmá nawọ́. Wọ́n ní àwọn ò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ohun tó bá ti kan ilẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wọ ìkòkò ọmọ, pé kí wọ́n rí àpò ohun gbogbo, pé ẹni tó bá sè é ni kó kọ́kọ́ jẹ, kó dúró fún wákàtí kan. Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan ní, "Màmá ti tún dé o, abọ́ àkọ́kọ́!" Ojú tì mí, mo sọ orí mọ́lẹ̀.

"Màmá, ọ̀fẹ́ ni o," ni Bàbá Tọ́pẹ́ wí. Kò fi wọ́n ṣẹ̀sín, ó ń bẹ̀ wọ́n ni. "Gbogbo àwa tí a jókòó síbí, oúnjẹ ilẹ̀ wáàfù ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Ta ló kú?"

Màmá ò jókòó. Wọ́n ní, "Múíbì."

Ọ̀gá iléèwé bi wọ́n pé Múíbì wo. Màmá yíjú sí ibi tí Ìyá Risi jókòó sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn kékeré kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n ní ìgbà tí mílíìkì wọ́n bí ojú ni. Ọkọ àwọn gbá mílíìkì oníyẹ̀fun wálé nínú ọ̀rá, láti ilẹ̀ ibi tí àpò kan ti bẹ́. Àwọn ń tọ́jú ẹ̀ káwọn fi ṣe ògì àwọn ọmọ lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ọmọ ti lọ ilé, ó ku Múíbì, ìyá rẹ̀ pẹ́ ní ìsọ̀. Ebi ń pa ọmọ náà. Wọ́n po ògì díẹ̀ fún un, wọ́n sì bu mílíìkì sí i.

"Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ń bì, mo da èyí tó kù sílẹ̀ fún adìyẹ. Adìyẹ náà ò rìn dé ìdí ògiri. Mo bi ọkọ mi. Ó ní oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń kó lọ fún àwọn olóko kòkó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíìkì náà, pé àpò tiẹ̀ náà ti ya. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ni mo ti mọ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da ẹrù ìyá ẹ̀ síta. Èmi ni mo bá a ká aṣọ."

Wọ́n bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù bà mí." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń retí kí wọ́n wá àwáwí kan tí mo lè dì mú, wọn ò wá.

Ìyá tó ń da mínírà nù nítorí eyín ọmọ ọlọ́mọ, ọdún méje ni wọ́n fi wo obìnrin tó ń fọ ọwọ́ ara rẹ̀ láìsinmi ní ọ̀gangan ilé wọn, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ń kí i láàárọ̀. Wọ́n ń fún ọmọ rẹ̀ lẹ́ja. Mo wo Ìyá Risi. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n wò ó, wọ́n wá gbé e sí imú, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fa Risi lọ́wọ́, wọ́n jáde.

Ọ̀gá iléèwé ní kí ẹni tó bá fara mọ́ òfin Màmá nawọ́. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè, ti Bàbá Tọ́pẹ́ ló ṣáájú. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná iléèwé náà, ti àpò, ti ilẹ̀, ti abọ́ àkọ́kọ́, ti ẹyin àti èso, ti mínírà tí kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu géètì. Ó ṣì wà níbẹ̀. Iléèwé méjì míì ti wá dà á kọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ọmọ mẹ́ta ló kù ní jẹ́lé Màmá. Àwọn òbí ò tilẹ̀ wá dágbére. Àwọn kan ní kí Ìyá Risi gbé ọ̀rọ̀ lọ sí tésàn, wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá Risi ò lọ. Bàbá Múíbì ti kó padà sí Ìlọrin tipẹ́, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó gbọ́. Èmi náà ò jẹun Màmá fún odindi ọjọ́ méjì. Gàrí ni mo ń rẹ mu ní ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé. Màmá rí mi, wọn ò sọ nǹkan kan. Èmi tí wọ́n máa ń bú tí mi ò bá jẹ ẹyọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tán.

Ìyá Risi ò bá wọn ṣọ̀rẹ́ mọ́ títí Màmá fi kú, wọn ò sì bá wọn jà. Risi ń lọ sí iléèwé, ó ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán bíi ti gbogbo ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún rí àwọn méjèèjì papọ̀. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìpàdé ni, lọ́sàn-án. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ká aṣọ àwọn ọmọ mẹ́ta tó kù, nígbà tí Ìyá Risi wọlé. Màmá dìde lórí àga, wọ́n sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, lórí orúnkún tí wọ́n ti ń rojọ́ ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, níwájú ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Mo fẹ́ sá jáde, àwọn méjèèjì ló dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ dìde, Màmá," ni Ìyá Risi wí. Wọ́n ṣì ń fi ẹ̀yin bá wọn sọ̀rọ̀.

Màmá ò dìde.

"Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Mílíìkì yẹn, ṣé ó dùn lẹ́nu ẹ̀?"

"Ó dùn lẹ́nu ẹ̀. Ó lá ṣíbí. Ó ní kí n fún òun sí i."

"Ẹ wá fún un?"

"Mo fún un."

Ìyá Risi mi orí. Ojú wọn wà lára ògiri, kò sí lára Màmá, kò sí lára mi.

"Ó fẹ́ràn mílíìkì," ni wọ́n wí. "Èmi ni mi ò lówó ẹ̀."